Ìwé Gbèsè Bàbá Wa àti Ohun Tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kò sì sí ìjà nínú rẹ̀, àfi ìjà díẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa, èyí tí n ó sọ fún yín bí mo bá dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè pé kí ni wọ́n kà sí jù láyé, mẹ́sàn-án nínú wọn yóò dáhùn pé ọmọ ni, tàbí àlàáfíà, tàbí ìwà rere. Ẹnì kẹwàá yóò ní Ọlọ́run ni. Kò sí ẹni tí yóò la ojú sílẹ̀ kí ó sọ pé agbádá ni òun kà sí jù, tàbí pé kí àwọn onílù máa ki òun níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n ẹ bá wọn dé ọjà, ẹ bá wọn dé ilé, ẹ wo ibi tí owó wọn ń gbà lọ láàárín oṣù kan, ẹ wo ohun tó ń jí wọn lójú oorun lóru, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni èyí tí ẹnu sọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ọwọ́ ṣe. Èmi kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ẹlòmíràn gbà tọkàntọkàn pé ọmọ òun ni òun fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ náà. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún márùndínlógójì, láti 1979 títí di 2014, mo mọ ohun tí mò ń wí.

Bàbá tó bí mi ló kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Òṣómàáló ni Bàbá wa. Ẹ̀yin àgbà á rántí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á ti gbọ́ orúkọ náà níbi tí wọ́n ti ń fi í bú àwa Ìjẹ̀ṣà pé a fẹ́ràn owó. Iṣẹ́ gidi ni. Ìjẹ̀ṣà yóò ra aṣọ ní ìlú ńlá, yóò dì í lẹ́rù, yóò gbé e karí tàbí kí ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di Èkìtì, ó di Ìgbómìnà, ó di ilẹ̀ Àkókó. Yóò gbé aṣọ fún àgbẹ̀ láwìn, nítorí àgbẹ̀ kì í lówó lọ́wọ́ àfi ìgbà tí kòkó bá jáde. Wọn á jọ dá ìgbà. Bí ìgbà bá pé tí àgbẹ̀ ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, Ìjẹ̀ṣà yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, ‘Òṣó ni mà á ló gba owó mi.’ Bí wọ́n bá gbé àga fún un, kò ní jókòó. Bí wọ́n bá gbé iyán wá, kò ní fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló mọ ohun tó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti iyán. Ojú á ti onígbèsè lójú aládùúgbò, owó á sì jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ òṣómàáló ti wá.

Bàbá wa kò lò ju ọdún mẹ́rin lọ ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ju èmi tí mo fi ìṣirò jẹun lọ. Ó ní ìwé gígùn kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, tí ó máa ń fi aṣọ wé kí òjò má baà pa á. Lẹ́ẹ̀dì ló fi ń kọ ọ́. Ó ní báírò a máa ṣàn bí omi bá kàn án, gbèsè á sì bá omi lọ. Bí ọ̀kan bá kún, á ra irú rẹ̀. Márùn-ún ni a bá nínú àpótí rẹ̀ nígbà tó kú lọ́dún 1998.

Láti iwájú ìwé ló ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè: orúkọ, ìlú, irú aṣọ, iye owó, iye tí wọ́n san. Pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ títí di ìgbà tí Nàìjíríà pààrọ̀ owó ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Bàbá wa fa ìlà gbọọrọ sí ibẹ̀, ó sì tún gbogbo gbèsè kọ ní náírà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn àgbẹ̀ kan ní Ọ̀tùn Èkìtì tó jẹ ẹ́ ní pọ́n-ùn mẹ́rin, tó wá rí náírà mẹ́jọ nínú ìwé, tó fi igbe ta pé Ìjẹ̀ṣà ti sọ gbèsè òun di méjì lóru. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí olùkọ́ ìlú náà tó lè là á yé e.

Bí ẹ bá yí ìwé náà padà tí ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, ìnáwó Bàbá wa ni ẹ ó bá níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó jẹ́ oníṣirò owó, ló jókòó tì í tó ṣí i ní ewé-ewé. Ó rí i pé ní odidi ọdún mẹ́sàn-án, aṣọ méjì péré ni bàbá tó ń ta aṣọ yìí rà fún ara rẹ̀. Àwa ọmọ ti rò nígbà èwe wa pé ahun ni. A kì í lọ sí àríyá kí ó nawọ́ sápò bí bàbá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, láìyẹ̀, ẹ ó bá owó ilé-ìwé: tiwa, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, ti ọmọ kan ní Òmùò tí àwa kò mọ̀ rí títí di òní.

Kì í ṣe òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ará ìgbà rẹ̀. Lọ́dún 1934 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀, ní ayé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú kò lè ka orúkọ ilé-ìwé náà lára pátákó. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ́ ilé ìwé. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fi sọ ohun tí wọ́n kà sí fún yín?

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọ́n ti bu owó lé àwọn àgbà láti fi ṣètò rẹ̀. Àwọn ènìyàn kùn. Wọ́n ní owó-orí ti pọ̀ jù, wọ́n ní ta ni yóò máa bá àwọn ṣiṣẹ́ lóko bí ọmọ bá lọ kàwé. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni wọ́n dìbò fún jù ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe òṣùwọ̀n yóò sọ pé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn kò fẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò ju 456,600 lọ lọ́dún 1954, di 811,432. Àwọn tó ń kùn náà ló di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú wá. Ẹnu ń ráhùn, ẹsẹ̀ sì ń lọ. Èmi pàápàá wọ ilé-ìwé lọ́dún 1960 lábẹ́ ètò yìí, n kò sì lè bú àwọn tó kùn, nítorí owó náà ni wọ́n lára lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwé Bàbá.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ka iwájú ìwé, ó rí orúkọ méje tí Bàbá fa igi lé lórí nígbà tí gbèsè wọn kò tíì tán, tó sì kọ ‘Ó tó’ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Opó ni mẹ́rin nínú wọn. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Nínú ìwé kan náà ni a ti rí àgbẹ̀ kan ní Ìkọ́lé tí Bàbá wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ gedegbe, láìfi bò: ‘Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo gba ṣílè méjìdínlógún.’ Àbúrò mi obìnrin ní ìwà ìkà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní òwò ni òwò. Èmi wò ó pé ṣílè méjìdínlógún náà wà ní ẹ̀yìn ìwé ní ọjọ́ kẹrin sí i: ó fi í ra ìwé àti bàtà ilé-ìwé. Bàtà ta ni? Ó lè jẹ́ tèmi. Ọkùnrin kan fi ojú àgbẹ̀ gbolẹ̀ níwájú àwọn àlejò rẹ̀ kí ọmọ tirẹ̀ má baà lọ sí ilé-ìwé ní ẹsẹ̀ lásán. Bí ènìyàn bá fẹ́ràn nǹkan dé góńgó, ẹlòmíràn ló máa ń san nínú owó rẹ̀. N kò rí ẹni tó sọ èyí fún wa nínú ìwàásù rí.

Ìgbà tí a ń ka àwọn ìwé yìí, ogójì ọjọ́ ti pé lórí òkú. Gbogbo wa ti pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Iléṣà: àwa ọmọ márààrún, àbúrò Bàbá ọkùnrin, àti Yèyé wa. Inú wa ń dùn. A ń sọ pé, ‘Ẹ wo ọkùnrin!’ A ní a ó tẹ àwọn ewé kan sínú ìwé ìrántí. Yèyé wa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ìgbà tó yá, ó gbé orí sókè, ó ní, ‘Ẹ bá mi wo ibi tí orúkọ mi wà.’

A wò ó. Ìwé márùn-ún. ‘Owó oúnjẹ, ṣílè márùn-ún.’ ‘Owó oúnjẹ, ṣílè mẹ́fà.’ Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ Òmùò wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pàápàá wà níbẹ̀. Ti Yèyé kò sí.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí sí ẹ̀rín, bí kì í bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé oníṣirò ni, ti fàmì sí ibì kan tí ìṣirò kò bá ara mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí ìparí ọdún 1965. Lẹ́yìn ìbò ọdún náà ni wẹ́tìẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ilé ń jó, ọkọ̀ ń jó, ọ̀nà kò ṣeé rìn. Owó tí ìjọba ń san lórí kòkó ti já wálẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ kò lówó, òṣómàáló kò sì rí ibi tí yóò lóṣòó sí. Láti oṣù kẹwàá ọdún náà títí wọ 1966, iwájú ìwé Bàbá wa ṣófo: kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ní ẹ̀yìn ìwé, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ‘Ilé-ìwé, a san án.’ Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni owó náà wà fún; ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà, ó wà ní ilé-ìwé gíga, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò sì tíì dé ibẹ̀. Ó béèrè pé, ‘Níbo ni owó yìí ti wá?’

Yèyé wa dáhùn bí ẹni tó ń sọ iye epo. Ó ń ta epo pupa nígbà náà ní ọjà Atákúmọ̀sà. Ó wà nínú èésú obìnrin méjìlá, ìgbà tirẹ̀ kò sì tíì kàn. Ó lọ bá ẹni tí ó kàn, ó kúnlẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì pààrọ̀ ìgbà. Kò tó. Ó wá ta iyùn ọrùn tí ìyá rẹ̀ fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó kó owó náà fún Bàbá lóru, torí kò fẹ́ kí àwa ọmọ mọ̀ pé ọwọ́ Bàbá ti ṣófo. Bàbá gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ fún un (Yèyé wa ló sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé ó purọ́ mọ́ òkú), ó sì kọ ‘a san án’ sínú ìwé.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé tí kò sọ ibi tí owó ti wọlé kì í ṣe ìwé, àti pé bí òun bá ṣe irú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n á lé òun. Àbúrò Bàbá bínú, ó ní ẹnu wo ni a fi ń ṣe ìdájọ́ òkú. Àbúrò mi obìnrin bú sẹ́kún, kò sì dá a dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Iyùn náà ló ń sun. Ó ní òun ni ì bá fún. Yèyé wa ló pa iná ọ̀rọ̀. Ó ní, ‘Ẹ fi bàbá yín sílẹ̀. Ta ni í kọ omi tó ń mu sínú ìwé?’

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ìwé ìnáwó nìkan wo ènìyàn mọ́. Ó dára láti wò ó. Ó ń tú àṣírí ẹni tó ní ọmọ ni òun fẹ́ràn, tó jẹ́ pé ọtí ni owó rẹ̀ ń bá lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ̀yìn tì jù, a kì í ná owó lé e lórí. Bí ó bá kúrò lẹ́yìn wa ni a ó tó mọ̀ pé ògiri ni.

Ẹ wo èésú tí Yèyé wa sọ yìí. Kò sí báńkì níbẹ̀, kò sí lọ́yà, kò sí ìwé àdéhùn. Obìnrin méjìlá gbà pé ẹni tó bá gba owó lónìí kò ní sá lọ lọ́la. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n gba aṣọ lára wọn, wọ́n gba orúkọ lẹ́nu wọn, wọ́n ta ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ará Trinidad ń dá owó jọ ní irú ọ̀nà yìí, wọ́n sì ń pè é ní susu. Ní Bahamas, asue ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹrú kò lè di nǹkan kan lẹ́rù. Ohun tí ó rántí, tí ó sì tún dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, ni bí ènìyàn ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé ọmọnìkejì rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, mo dẹ́kun bíbi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fẹ́ dà. Dókítà, lọ́yà, páílọ́ọ̀tì: ìdáhùn kan náà lọ́dọọdún. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lánàá, láti ìgbà tí wọ́n jí títí wọ́n fi sùn, kí wọ́n má fi ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dán an wò. Ẹ ó rí ọmọ tó pọn omi fún ìyá arúgbó ẹlẹ́ẹ̀kejì ilé, tí kò rò pé ó yẹ kí òun kọ ọ́, àfi ìgbà tí ẹ bá bi í pé, ‘Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?’ Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, tí ẹ ní ìlera lọrọ̀, ìgbà wo ni ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kẹ́yìn fún wákàtí kan kí ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru? N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyàwó mi ń ta aṣọ ní Òṣogbo, ó ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kí ó tó lọ.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe padà wọ ilé wa.

Lọ́dún 2022, Yèyé wa pé ọmọ àádọ́rùn-ún ọdún. Àbúrò wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ gbé e sórí fóònù pé a gbọ́dọ̀ ṣe é lóòótọ́. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ: aṣọ ẹbí oríṣi méjì, ọ̀kan fún ilé ìjọsìn, ọ̀kan fún àpèjẹ, màlúù méjì, àgọ́, olórin tí a óò máa ná owó mọ́ lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kọ̀ ọ́. Inú gbogbo wa dùn sí i. N kò sì ní bú àríyá fún yín bí àwọn oníwàásù kan ti ń ṣe. Ìyá tó bí ọmọ tó sì rí wọn pé lọ́jọ́ kan yẹ ní ẹni tí à ń jó yí ká, àti pé láti inú ìnáwó ni alásè, alágọ̀ọ́ àti onílù ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ tiwọn.

A dá owó jọ. A kò béèrè lọ́wọ́ Yèyé títí owó fi pé. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sí i létí kí gbogbo wa lè jọ sọ ọ́ fún un, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó súre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kan. Ó wá ní, ‘Bí wọ́n bá ká àgọ́ tán, ta ni yóò sùn tì mí?’

Ẹ̀yin ènìyàn mi, fóònù dákẹ́ bí ẹni pé owó inú rẹ̀ ti tán.

Ọmọbìnrin kékeré kan tí a gbà ló ń bá a gbé nígbà náà, ó sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rù òru ń ba Yèyé. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kò sì sọ fún wa. Gbogbo wa ni a ti sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tí a fẹ́ràn tó ìyá wa. Ibi tí a ti ń fi iye kún iye ni ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn. Ó wá kan oorun, ó kan ilé ẹni, ó kan ọjà ìyàwó ẹni.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní ìtọ̀ ṣúgà, òun gan-an ń wá ẹni tí yóò tọ́jú òun. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá ní iṣẹ́ ìjọba kò gbà fún òun. Ti Lọ́ńdọ̀nù ní kí a mú Yèyé lọ sí ilé ẹnì kan nínú wa. Yèyé ní òun kò kúrò níbi tí ọkọ òun sùn sí. Ó ku èmi àti àbúrò mi obìnrin tó wà ní Èkó. Èmi ti fẹ̀yìn tì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé lẹ́yìn ilé-ìwé, owó ibẹ̀ sì ni à ń fi ra iṣu, nítorí ẹ̀yin náà mọ bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe ń wá.

Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ bá sọ ọ́. N kò mọ irú ìdáhùn tí yóò fún mi. Ó ń ṣẹ́ aṣọ, kò dá a dúró. Ó ní, ‘Ẹ lọ, Bàbá wọn. Èmi á dúró ti ọjà, èmi á máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́.’ Mo ní kí ni. Ó ní, ‘Ìwé yín kò gbọdọ̀ dà bí ìwé Bàbá.’

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Èmi ń lọ sí Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ń padà sí Òṣogbo ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò, mo fi wọ́n lé olùkọ́ ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́, owó ibẹ̀ sì bá wọn lọ. Àbúrò mi obìnrin ń gba òpin ọ̀sẹ̀. Ó ti di aṣọ rẹ̀ méjì sílẹ̀ níbẹ̀, kò máa gbé àpò kiri mọ́. Ti Lọ́ńdọ̀nù ń san owó oògùn àti owó obìnrin kan tó ń wá fọ aṣọ lójúmọ́. Àádọ́rùn-ún ọdún náà kò lọ láìṣe: a pa ewúrẹ́, a pe ẹbí, a pe àwọn tó kù nínú ẹlẹ́èésú Yèyé, ẹni méjì péré, a gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọrin títí ohùn wọn fi há. Nínú owó màlúù ni a ti fi símẹ́ǹtì sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀, tí a so irin mọ́ ògiri kí ó lè máa dì í mú, tí a sì tún páànù ẹ̀yìnkùlé ṣe. Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé a ti dójú ti ara wa, pé àwọn ọmọ oníwèé márùn-ún kò lè pa màlúù fún ìyá wọn. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́.

Mo ra ìwé gígùn kan ní Òṣogbo, n kò rí ẹlẹ́yìn pupa, mo gba aláwọ̀ ewé. Lálaalẹ́ ni mò ń kọ ọ́. Mo ń kọ iye tí mo ná, mo sì ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe láìgba owó: ìyàwó mi fi ọbẹ̀ ránṣẹ́, ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé wá jókòó ti Yèyé nígbà tí mo lọ ra oògùn, awakọ̀ kan kọ̀ láti gba owó ẹrù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà mẹ́ta mẹ́rin ni mò ń kọ. Nísinsìnyí, ewé kan kì í tó ọ̀sẹ̀ kan mọ́.

Etí Yèyé wa ṣì mú. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ó gbọ́ ìró lẹ́ẹ̀dì mi nínú òkùnkùn, ó béèrè pé kí ni mò ń kọ. Mo ní iṣu tí mo rà lọ́nà ni. Ó ní èló. Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n gbé ọ̀kan wá kí òun fọwọ́ bà á. Mo gbé e wá. Ó fọwọ́ bà á láti orí dé ìdí, ó ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, kí n kọ ìyẹn náà síbẹ̀.